Ọ̀gá Láníhùn Kò Ní Béèrè Ọ̀nà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri bí ẹni pé inú oko yín ló ti hù. Ẹ fìdí kalẹ̀ kí n sọ ibi tó ti wá fún yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu pé òwe náà ti wà kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ yìí. Ṣé o wà níbẹ̀ ni? Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, kó fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó wà níbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láníhùn. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, Ọ̀gá Láníhùn sì ni gbogbo ìlú ń pè é títí dòní. Èèyàn dáadáa ni. Kì í jalè, kì í purọ́, kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì dá a lẹ́bi jù. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ béèrè ohun tó ti mọ ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, báwo ni yóò ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ohun tí èèyàn kò mọ̀? Tó bá wọ ọjà tí kò rí oníyọ̀, yóò yí ọjà ká títí ọjà yóò fi tú, yóò wá délé sọ pé iyọ̀ ti wọ́n nílùú.

Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Obìnrin tí kì í pariwo ni, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn kì í jáde mọ́. Ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn nígbà tí mò ń sọ yìí ni ọkọ̀ wíwà. Ọkọ rẹ̀ ní Pijó àtijọ́ kan, aláwọ̀ ewé, tó máa ń nù láràárọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tí Àwẹ̀ró lọ tọ́jú ọmọ fún Bọ́sẹ̀dé, ọmọ wọn, nílùú Ìbàdàn, Bọ́sẹ̀dé kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, ó mọ̀ ọ́n wà dáadáa, ó sì gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti padà dé, Ọ̀gá Láníhùn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan sítíárì.

"Àwẹ̀ró, ọkọ̀ yìí ti mọ ọwọ́ mi," ló máa ń wí.

Ó ń dun Àwẹ̀ró, ó dùn ún gan-an ni. Kò jà. Ó kàn ń dúró de ọjọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra wọn sọ́nà ni Láníhùn ti ṣèlérí pé òun yóò mú un lọ wo adágún Àwínrín. Òun fúnra rẹ̀ ti gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan nígbà àpọ́n rẹ̀, lẹ́yìn ọkọ̀ agbégilódò kan, lábẹ́ tapólì. Ibi tí awakọ̀ ti dúró sinmi nìkan ló ti yọjú. Ó rántí pé igbó ńlá wà. Ó rántí pé adágún wà. Ó sì rántí àpáta pẹrẹsẹ kan létí omi, níbi tí èèyàn ti lè jókòó kó máa wo oòrùn bó ṣe ń wọ̀ sínú adágún. Èwo ló wà lápá ibo nínú wọn ni kò mọ̀, torí inú òkùnkùn tapólì ò ní ọ̀tún, kò ní òsì.

Nígbà tó wá fẹ̀yìn tì, tí kò rí ọmọ iléèwé tí yóò tò sórí ìlà mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìrìn àjò náà. Kò béèrè lọ́wọ́ awakọ̀, kò béèrè lọ́wọ́ ọdẹ. Ìdí oúnjẹ alẹ́ ló ti ń ṣe ètò tirẹ̀.

"Wò ó, Àwẹ̀ró," yóò ní, yóò na ìka sí òkìtì ẹ̀bà. "Adágún nìyí. Ọbẹ̀ ilá yìí ni igbó. A ó máa gba etí adágún lọ jẹ́jẹ́, a ó yà sínú igbó lọ́wọ́ ọ̀tún, a ó wá já sí ẹ̀yìn omi. Orí ẹja yìí ni àpáta tí a ó jókòó lé."

"Ó dáa. Ṣé ó dá yín lójú pé ọwọ́ ọ̀tún ni igbó wà?"

"Ṣé o ò rí i ni?" Yóò sì tọ́ka sí abọ́ ilá.

Àwẹ̀ró yóò wo abọ́ ilá, yóò wo ọkọ rẹ̀, yóò sì máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi máa jẹun tán, adágún ti tán, igbó ti tán, àpáta ti di egungun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró bá se ẹ̀wà, kò sí ètò, torí kò sí bí èèyàn ṣe lè rí adágún nínú ẹ̀wà.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn àjò ku ọ̀la, Àwẹ̀ró da ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

"Bàbá Bọ́sẹ̀dé, tí a bá ṣìnà ńkọ́?"

"A ò ní ṣìnà."

"Mo ní tí a bá ṣìnà. Ṣebí a ó béèrè?"

"Èmi? Kí n dúró sẹ́bàá ọ̀nà kí n máa béèrè ibi tí mò ń lọ lọ́wọ́ ọmọ tí mo lè bí?"

"Ó dáa," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn. Tí ẹ bá gbé mi dé orí àpáta yẹn láìbéèrè, mi ò ní dárúkọ ọkọ̀ wíwà fún yín mọ́ láyé mi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ẹnu yín béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ di tèmi. Èmi ni màá wà á wálé, èmi náà ni màá sì máa wà á lọ."

Ọ̀gá Láníhùn rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbà. Ó tún fi kún un pé ìyàwó òun náà kò gbọdọ̀ béèrè fún òun, kò sì gbọdọ̀ tọ́ òun sọ́nà. Àwẹ̀ró ní òun gbọ́, ó lọ yan ẹ̀pà tí yóò máa jẹ lọ́nà, kí ẹnu òun lè ríṣẹ́ ṣe.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tutù, ó sì dára. Wọ́n kúrò nílé, wọ́n já sí etí adágún, ọkàn àwọn méjèèjì sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ìkùukùu ṣì wà lórí omi. Òṣíbàtà bo etí adágún, àwọn lékeléke dúró lórí ẹsẹ̀ kan láàárín rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Ọ̀gá Láníhùn ń wakọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń fi ìka lu sítíárì, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń gbádùn ara rẹ̀. Àwẹ̀ró ń gbádùn ara rẹ̀. Kò pẹ́, wọ́n dé abà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Abà Láwọyin. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, Màmá Ṣùbúọlá, tó ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà. Baálẹ̀ abà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ta okùn.

Ọ̀gá Láníhùn rọra dẹ ẹsẹ̀ lórí ọkọ̀, ó yọ orí síta.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kú ìrìn o. Ọlọ́run á ṣọ́nà."

Ó kọjá. Lẹ́yìn abà, ọ̀nà pín sí méjì nídìí igi àràbà ńlá kan. Ọ̀kan yà sí òsì, ọ̀kan yà sí ọ̀tún. Ọ̀gá Láníhùn rántí abọ́ ilá, ó sì yà sọ́tùn-ún. Ọ̀nà náà wọ inú igbó lóòótọ́, Ọ̀gá Láníhùn sì ní, "Ìwọ náà rí i?" Ibòji dé, afẹ́fẹ́ tutù, ewé ń fara nu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, àwọn ọ̀bọ ń wò wọ́n láti òkè. Ọ̀nà lọ, ó yí, ó tún yí. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n já síta, wọ́n sì rí abà kan níwájú, níbi tí ìyá àgbà kan ti ń yan gàrí.

"Abà yìí jọ èyí tí a rí lẹ́ẹ̀kan," ni Ọ̀gá Láníhùn wí.

Àwẹ̀ró fọ́ ẹ̀pà. "Ó jọ ọ́."

"Bí abà oko ṣe máa ń rí náà nìyẹn."

Ó tún dẹ ẹsẹ̀, ó tún yọ orí. Ẹ wo ọkùnrin yìí: kò ní béèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò lè kọjá láìkí èèyàn. Ká ní ó bínú kọjá ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ìbá má ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló kó bá a.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kú àbọ̀ o," ni Màmá Ṣùbúọlá dá a lóhùn.

Etí Ọ̀gá Láníhùn gbóná. Ó dé ìdí àràbà, ó dúró, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún. Nínú ọkàn rẹ̀, abọ́ ilá kò kúrò níbi tó wà. Ó ní bóyá àwọn ti fo ìyànà kan nínú igbó, ó tún yà sọ́tùn-ún, ó sì ń wakọ̀ bí ìgbín, ó na ọrùn, ó ń fi ojú wá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Igbó tún gbà wọ́n, igbó tún tú wọn sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti di "ẹ kú ọ̀sán", Màmá Ṣùbúọlá sì dáhùn pé, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o." Baálẹ̀ ti ju okùn sílẹ̀, ó ti dìde dúró.

"Bàbá Bọ́sẹ̀dé," ni Àwẹ̀ró wí bí ọkọ̀ ti ń kọjá, "ẹ̀pà mi ń tán lọ."

"A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Ohun tí Ọ̀gá Láníhùn ò mọ̀ ni pé bí òun ti ń yí igbó ká, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ ní Abà Láwọyin. Afárá onígi kan tó wà lọ́nà ọjà wọn ti wó láti ọjọ́ pípẹ́, ìjọba sì ti sọ fún wọn pé kọmíṣánnà kan ń bọ̀ wá wo bí ọ̀nà ṣe rí. Wọ́n wá rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tó lo awò ojú, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dán, tó ń rọra wakọ̀, tó ń na ọrùn wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tó ń kí gbogbo èèyàn.

"Ó lè jẹ́ pé ó ṣìnà ni," ni Màmá Ṣùbúọlá wí.

Baálẹ̀ mi orí. "Màmá, ẹni tó ṣìnà á béèrè ọ̀nà. Ṣé ó béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín?"

"Kò béèrè. Ó kí mi."

"Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ń kí gbogbo èèyàn, tí kì í béèrè nǹkan kan, ẹni ìjọba ni. Ọ̀nà wa ló ń wò. Ẹ gbé odó síta."

Nígbà tí Pijó aláwọ̀ ewé tún yọ, gbogbo abà ti dúró sójú ọ̀nà. Wọ́n ti já màrìwò, wọ́n ti gbé àga tó dára jù jáde, wọ́n sì ti so ewúrẹ́ kan mọ́ ìdí máńgòrò. Kò sí ibi tí ọkọ̀ lè gbà. Ọ̀gá Láníhùn dúró, Baálẹ̀ sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ọkọ̀.

"Kọmíṣánnà, ẹ káàbọ̀ sí Abà Láwọyin. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń retí yín."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, kí lẹ̀ bá ṣe? Ẹ̀ bá sọ pé ẹ kì í ṣe kọmíṣánnà. Ọ̀gá Láníhùn náà fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá sọ pé òun kọ́, wọ́n á bi í pé kí ló wá ń yí wọn ká fún láti àárọ̀, ìdáhùn ìyẹn ló sì le. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò. Ó tún wo Baálẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wá dá a lóhùn bó ṣe máa ń dá àwọn òbí ọmọ lóhùn níléèwé.

"Hẹ̀n," ló wí.

"Hẹ̀n" yẹn ló bà á jẹ́. Wọ́n gbé e sórí àga. Wọ́n gbé iyán àti ẹran ìgbẹ́ síwájú rẹ̀, wọ́n sì dúró wò ó títí ó fi jẹ ẹ́ tán.  Wọ́n mú un lọ wo afárá, wọ́n mú un lọ wo gbogbo kòtò ojú ọ̀nà, torí kòtò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín. "Èyí ló dá mi lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Kọmíṣánnà." "Èyí ló gbé kẹ̀kẹ́ mi mì." Ọ̀gá Láníhùn ń mi orí níbi kọ̀ọ̀kan, ó ń wí pé, "Mo ti rí i." Bí wọ́n ti padà dé, wọ́n ti kó iṣu sí búùtù, ewúrẹ́ ti wà lórí àga ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ti ń jẹ ìbòrí àga. Baálẹ̀ ní tí wọ́n bá kọ́ afárá náà tán, orúkọ Kọmíṣánnà ni àwọn máa kọ sára rẹ̀, ó wá bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ náà.

Òógùn bo Ọ̀gá Láníhùn. Ibẹ̀ ni Màmá Ṣùbúọlá ti fi igbá ìyangàrí sílẹ̀, tó wá kúnlẹ̀ síwájú àga rẹ̀. Ìyá tó lè bí i ló kúnlẹ̀ fún un yẹn.

"Kọmíṣánnà," ni ìyá náà wí, "láti ìgbà tí afárá ti wó, orí ni mo fi ń ru gàrí mi gba inú omi kọjá lọ́jọ́ ọjà. Omi máa ń dé mi láyà. Mi ò ní kí ẹ ṣe é lónìí. Ẹ ṣáà dá ọjọ́ kan fún mi, kí n mọ ìgbà tí ara máa tù mí."

Gbogbo abà ń wo ẹnu Ọ̀gá Láníhùn. Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin yìí kì í purọ́. "Hẹ̀n" tó wí yẹn, ó ti ń tan ara rẹ̀ pé "hẹ̀n" kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìyá yìí ń béèrè, irọ́ ni, kò sì sí bó ṣe lè pè é ní nǹkan mìíràn. Ojú tì í. Ó ro ti sítíárì rẹ̀, ó ro ti ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ níwájú Àwẹ̀ró. Ó wá dìde, ó gbé Màmá Ṣùbúọlá dìde, ó sì fi í jókòó sórí àga náà.

"Màmá, ẹ má bínú," ló wí. "Èmi kì í ṣe kọmíṣánnà. Olùkọ́ ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì."

 Ewúrẹ́ nìkan ló ké nínú ọkọ̀.

"Kí lẹ wá ń yí wa ká fún láti àárọ̀?" ni Baálẹ̀ béèrè.

Ọ̀gá Láníhùn di ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Baálẹ̀, ibo là ń gbà dé àpáta etí adágún?"

Màmá Ṣùbúọlá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá gba gbogbo abà kan, àwọn tó mú màrìwò lọ́wọ́ fi bojú rẹ́rìn-ín. Ìyá náà na ọwọ́ síwájú.

"Ìdí àràbà yẹn, ọmọ mi. Ẹ yà sọ́wọ́ òsì. Kí ẹ tó sọ pé ẹ ń lọ, ẹ ti dé."

Baálẹ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó gbọn aṣọ tó fi dọ̀bálẹ̀ nù, ó ní, "Ká ní ẹ béèrè láàárọ̀ ni, ẹ̀ bá ti dé ibẹ̀, ẹ̀ bá ti padà sílé, èmi náà ìbá ti ta okùn mi tán. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà." Ó tún rò ó díẹ̀. "Kì í sì í jẹ iyán kọmíṣánnà." Ó rán wọn lọ sọ ewúrẹ́ kalẹ̀. Iṣu, ó ní kó máa lọ, àlejò ṣáà ni wọ́n.

Nígbà tí Ọ̀gá Láníhùn dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, Àwẹ̀ró ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀, ó ti tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀.  Ọkọ rẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀, ó yí lọ sí apá kejì, ó jókòó sórí èèpo ẹ̀pà.

Àwẹ̀ró wakọ̀ dé ìdí àràbà, ó yà sósì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbúròó omi. Àpáta náà wà níbẹ̀ bí Láníhùn ṣe rántí rẹ̀, pẹrẹsẹ, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ nítorí oòrùn ọ̀sán. Wọ́n jókòó lé e, wọ́n na ẹsẹ̀. Oòrùn ń rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí adágún, gbogbo omi pọ́n bí epo, àwọn lékeléke sì ń fò padà lọ sínú igbó. Inú Àwẹ̀ró dùn, ó dùn débi pé omi lé ròrò sí i lójú. 

"Bàbá Bọ́sẹ̀dé," ló wá wí, "èmi ni mo máa ń gbé abọ́ ilá sápá ọ̀tún yín, torí ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń jẹun."

Ọ̀gá Láníhùn yíjú sí i. "Kí lo ní?"

"Mo ní ká ní ọwọ́ òsì lẹ fi ń jẹun ni, à bá ti dé láàárọ̀."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo adágún, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sórí àpáta. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, Àwẹ̀ró mọ ọ̀nà dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó rí ló dúró bi. Ó béèrè lọ́wọ́ ọdẹ, ó béèrè lọ́wọ́ apẹja, ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ kan tó ń da ewúrẹ́, ọkọ rẹ̀ sì ń wolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìyá tó ń yan gàrí kúrò lọ́kàn Ọ̀gá Láníhùn o. Nígbà tó ti béèrè lẹ́ẹ̀kan tí kò kú, ó rí i pé kò pa èèyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ó ń béèrè afárá Abà Láwọyin. Wọ́n ní kó lọ kó padà wá, ó lọ, ó padà wá, ó tún béèrè. Ó bi akọ̀wé, ó bi ọ̀gá akọ̀wé, ó bi ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe afárá náà kí wọ́n lè rí ìsinmi lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Màmá Ṣùbúọlá ló kọ́kọ́ gba orí rẹ̀ kọjá, gàrí wà lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ọ̀gá Láníhùn wá síbẹ̀ nínú Pijó aláwọ̀ ewé. Wọ́n tún fún un ní iṣu àti ewúrẹ́, wọn ò sì gbà á padà mọ́. Kọmíṣánnà ni gbogbo abà sì ń pè é.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló jókòó sí lọ́jọ́ náà nígbà tí wọ́n ń relé, òun àti ewúrẹ́ rẹ̀, nítorí iṣu ti gba àga iwájú. Àwẹ̀ró di sítíárì mú. Nígbà tí wọ́n dé ìdí àràbà, ó dẹ ẹsẹ̀ lórí ọkọ̀, ó wo ọkọ rẹ̀ nínú dígí.

"Kọmíṣánnà, apá ibo ni ká yà sí?"

Ọ̀gá Láníhùn ti kọ́gbọ́n. Ó yọ orí síta, ó rí àgbẹ̀ kan tó ń bọ̀ láti oko, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà ilé wa ńkọ́?"

Ìdí rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.